Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Gíga Tí Ó Fẹ́ Ra Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Àwọn baba wa ni wọ́n wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òkété kò jẹ́ fi ihò èlírí ṣe ibùgbé, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí pé ìgbéraga ni ó mú kí ó wá ihò tí ó gbà á. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan kẹ̀kẹ́ ológeere, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbàgbé òwe náà. Ọkùnrin tí ó fi orí kan ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí ara rẹ̀ sì sígbọnlẹ̀, yóò wọ ilé ìtajà, yóò rí kẹ̀kẹ́ pupa kan tí ń dán, yóò san owó, yóò sì gbé e lọ sílé. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹ̀yìn ti ń dùn ún, ọwọ́ rẹ̀ ń kú tipiri, sípóòkù mẹ́ta ti ṣẹ́ lẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ náà sì ti di ohun tí adìyẹ ń sùn lé lórí ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà náà ni yóò wá máa wí pé a kò dá kẹ̀kẹ́ mọ́ irú òun.

Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, ara ẹni náà kò jẹ̀bi ohunkóhun. Bí a ti yan kẹ̀kẹ́ náà ni ó ní àbùkù. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹni gíga tí ó wúwo wò kí ó tó tú owó sílẹ̀, a sì ní láti tò wọ́n bí ó ti yẹ. Èkíní ni pé kí ara kẹ̀kẹ́ bá ara ẹni mu. Èkejì ni pé kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lè ru ẹrù tí a ó gbé lé e. Ẹ̀kẹta, èyí tí àwọn oníṣòwò máa ń kọ́kọ́ pariwo, ni pé kí ó fúyẹ́. Ẹni tí ó bá yí ètò yìí padà yóò san owó lẹ́ẹ̀mejì.

Irú kẹ̀kẹ́ tí à ń wí

Kẹ̀kẹ́ tí à ń sọ nípa rẹ̀ lónìí ni èyí tí a ṣe fún ìrìn jíjìn lójú títì ọlọ́dà. Ara rẹ̀ fúyẹ́, táyà rẹ̀ tín-ín-rín, ọwọ́ rẹ̀ sì ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò, kí ẹni tí ó gùn ún lè tẹ̀ síwájú, kí afẹ́fẹ́ má bàa dá a dúró. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ onírin dúdú tí àwọn baba wa fi ń ru kòkó àti iṣu lọ sí ọjà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó padà sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn, nítorí ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ìrísí àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn. Láti ọdún 1885 tí John Kemp Starley ti ṣe kẹ̀kẹ́ Rover ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ méjì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba àti ṣéènì tí ń yí ti ẹ̀yìn ni a ti ń lò. Ní ọdún 1888 sì ni John Boyd Dunlop ní Belfast fi táyà oníafẹ́fẹ́ kún un.

Ohun tí ó yàtọ̀ ni ẹni tí a ní lọ́kàn nígbà tí a ń ṣe é. Àwọn tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ ojú títì, àwọn eléré ìje ni wọ́n máa ń wò. Ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, tí a mọ̀ sí UCI, ti fi òfin dè é láti ọdún 2000 pé kẹ̀kẹ́ ìje kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju 6.8 kílò lọ; ìwọ̀n yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń yangàn lójú àwọn olùrà. Àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ gun òkè nínú ìje ńlá bíi Tour de France, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó 70 kílò. Ẹni 110 kílò tí ó bá ra irú rẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun dà bí àgbàlagbà tí ó yá agbádá ọmọ ọdún mẹ́wàá wọ̀ lọ sí òde ìgbéyàwó: aṣọ náà dára, ṣùgbọ́n yóò ya.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé eré kẹ̀kẹ́ kò gba ẹni ńlá. Miguel Induráin ará Sípéènì, tí ó ga tó 1.88 mítà, gba Tour de France ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún léraléra, láti ọdún 1991 títí dé 1995. Magnus Bäckstedt ará Sweden ga ju ìyẹn lọ, 1.93 mítà, ó sì wúwo ju 90 kílò lọ. Òun ni ó gba ìje Paris–Roubaix ní ọdún 2004, ìje tí ó ń gba orí òkúta tí a tò sójú ọ̀nà kọjá fún ohun tí ó ju 50 kìlómítà lọ. Filippo Ganna ará Ítálì, tí òun náà ga tó 1.93 mítà, gun kìlómítà 56.792 láàrin wákàtí kan ṣoṣo ní oṣù kẹwàá ọdún 2022. Conor Dunne ará Ireland ga tó 2.04 mítà, ó sì parí ìje ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ti ilẹ̀ Sípéènì ní ọdún 2017. Òun ni ó kẹ́yìn gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó dé ibi tí à ń lọ. Àwọn tí ó kéré sí i wà tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà. Àwọn wọ̀nyí kò gun kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn. Kẹ̀kẹ́ tí ó bá ara wọn mu ni wọ́n gùn.

Bí a ti ń wọn ara

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé gbogbo ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Gíga rẹ̀ jẹ́ 193 sẹ̀ntímítà, ìwọ̀n ara rẹ̀ sì jẹ́ 110 kílò. Oníṣòwò ni; ó fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì máa na ẹsẹ̀ lọ sí ìlú kejì ní ọjọ́ ìsinmi.

Ohun tí yóò kọ́kọ́ wọ̀n kì í ṣe gíga rẹ̀, bí kò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Télọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi gíga nìkan rán ṣòkòtò, nítorí ènìyàn méjì lè ga bákan náà, kí ẹsẹ̀ ọ̀kan gùn, kí ẹ̀yìn èkejì sì gùn. Kí ó bọ́ bàtà, kí ó dúró ṣánṣán pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ lára ògiri, kí ó fi ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le sí àárín itan méjèèjì, kí ó gbé e sókè títí tí yóò fi kan egungun, bí ẹni tí ó jókòó lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́. Kí ẹnìkejì rẹ̀ wá wọn ibẹ̀ dé ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ó jẹ́ 92 sẹ̀ntímítà.

Bí a bá sọ 92 di púpọ̀ ní ọ̀nà 0.883, a ó rí bíi 81. Èyí ni ìwọ̀n láti àárín ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí dé orí ìjókòó. Ìṣirò yìí ti pẹ́ láàrin àwọn eléré ìje, ó sì dára láti fi bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ni yóò sọ èyí tí ó kù. Bí pẹ́dà bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀. Kí ó má nà tán, kí ó má sì ká. Ẹni tí ìdí rẹ̀ ń mì sọ́tùn-ún sósì lórí ìjókòó ti gbé e ga jù.

Bí a bá tún sọ 92 náà di púpọ̀ ní ọ̀nà 0.65 sí 0.67, a ó rí 60 sí 62. Èyí ni ìwọ̀n férémù, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kà á láyé àtijọ́ nígbà tí ọ̀pá òkè rẹ̀ ṣì máa ń tẹ́ gbọọrọ. Ìwọ̀n 60 tàbí 62 sì ni èyí tí ó tóbi jù lọ nínú ìwé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́. Ilé ìtajà tí ó ní i lórí àtẹ kò pọ̀, nítorí àwọn oníṣòwò fẹ́ràn láti kó èyí tí yóò tètè tà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ dídùn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ilé ìtajà yóò wí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, a ó gbé ìjókòó rẹ̀ sókè fún yín, yóò bá yín mu.” Kí ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín, kí ó sì kọ̀. Ọ̀pá tí ń gbé ìjókòó dúró ní àmì kan lára tí ó ń sọ ibi tí a kò gbọdọ̀ fà á kọjá. Bí ó bá yọ ju àmì náà lọ, ìdí rẹ̀ tí ó kù nínú férémù kò tó nǹkan mọ́. Gbogbo ìwúwo ẹni náà yóò sì máa fi ọ̀pá gígùn náà jin férémù bí ẹni tí ó fi igi gígùn hú òkúta. Ọ̀pá lè kán, férémù sì lè là ní ibi tí ọ̀pá ti wọ̀ ọ́. Bí kò bá tilẹ̀ kán, ìjókòó ti lọ sókè, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni náà yóò wá tẹ̀ bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀yìn dídùn, ọrùn gan-an-gan àti ọwọ́ tí ń kú ti ń wá.

Nítorí náà kí ẹni gíga wo ọrùn kẹ̀kẹ́, ìyẹn ọ̀pá kúkúrú tí ó wà níwájú, tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti ń wọlé. Ọrùn tí ó gùn ń gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ṣe irú férémù méjì: ọ̀kan fún ìje, tí ọrùn rẹ̀ kúrú, èkejì fún ìrìn gígùn, tí ọrùn rẹ̀ gùn. Èkejì ni ó yẹ ọ̀pọ̀ nínú irú ẹni tí à ń wí. Ó tún yẹ ẹ́ jù bí ikùn rẹ̀ bá yọ, nítorí bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá rẹlẹ̀ jù, orúnkún yóò máa gbá ikùn ní gbogbo ìgbà tí pẹ́dà bá gòkè, èémí kò sì ní délẹ̀ dáadáa. Ní ti apá pẹ́dà, 170, 172.5 àti 175 mílímítà ni ó wọ́pọ̀ lọ́jà; kí ẹni gíga béèrè 175, kí ó sì fi àyà balẹ̀.

Ìjókòó pàápàá ní ìwọ̀n. Egungun ìdí méjèèjì ni ó yẹ kí ó jókòó lé e, kì í ṣe ẹran ara. Èyí tí ó fẹ̀ tí ó sì rọ̀ bí tìmùtìmù kì í sábà dára fún ọ̀nà jíjìn, nítorí ara yóò rì sínú rẹ̀, yóò sì máa ha itan.

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni ó ń ru ẹrù

A dé ibi tí owó ti ń ṣòfò jù lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé sípóòkù ń ti rímù bí òpó ti ń gbé àjà ró. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Sípóòkù ń fà ni, bí ọsán ti ń fa awọ dùndún. Gbogbo wọn ni a ti fà le kí ẹnikẹ́ni tó gun kẹ̀kẹ́ náà. Nígbà tí ẹrù bá wá dé orí rẹ̀, àwọn sípóòkù díẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ náà yóò dẹ̀ díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ti yí kọjá, wọn yóò tún le padà. Ìdẹ̀ àti ìle yìí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá yí. Ó tó ìgbà 470 nínú kìlómítà kan. Láti Ìbàdàn dé Èkó, tí ó tó bíi 130 kìlómítà, ó ju ìgbà 60,000 lọ.

Ẹni tí ó ti tẹ wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún títí tí ó fi já mọ ohun tí à ń wí. Bí ẹni náà bá ti wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni sípóòkù ń dẹ̀ tó; bí sípóòkù bá sì ti kéré níye tó, bẹ́ẹ̀ ni ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹrù ti pọ̀ tó. Ibi tí ó ti máa ń ṣẹ́ ni ọrùn rẹ̀ tí ó tẹ̀ ní àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó sì máa ń kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni ó ń ru púpọ̀ nínú ìwúwo wa. Ju èyíinì lọ, àwọn jíà tí ó wà lápá ọ̀tún kò jẹ́ kí sípóòkù ìhà méjèèjì le bákan náà. Ti ọ̀tún le gan-an, ti òsì sì dẹ̀.

Ọgbọ́n kẹ̀kẹ́ dúdú tí a sọ pé a ó padà sí nìyí. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe é fi sípóòkù 32 sí ẹsẹ̀ iwájú, wọ́n sì fi 40 sí ti ẹ̀yìn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹrù wà. Kẹ̀kẹ́ náà ru baálé ilé, ó ru ìyàwó rẹ̀, ó tún ru àpò kòkó. Lónìí, a ń ta kẹ̀kẹ́ olówó iyebíye tí sípóòkù ẹ̀yìn rẹ̀ kò ju 24 lọ, ti iwájú sì jẹ́ 20. Fún ọmọ ìje tí kò tó 70 kílò, ó tó. Fún ẹni 110 kílò, àárẹ̀ ni. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ nínú 20, rímù yóò wọ́ lọ́gán, ó lè máa ha férémù, ẹni náà yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn wálé. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ nínú 36, ẹni náà lè rọra gùn ún dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí irú ọkùnrin yìí má ṣe gba ohun tí ó bá dín sí 32 lẹ́yìn. 36 ni ó dára jù. Kí ó wá ẹni tí ó mọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ hun, kí ó fi ọwọ́ hun ún, kí sípóòkù kọ̀ọ̀kan ré àwọn mẹ́ta kọjá kí ó tó dé rímù. Bí a bá hun ún tán, kí ó fi ìka ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń ta gòjé. Gbogbo ti ìhà ọ̀tún ni kí ó dún bákan náà, kí gbogbo ti ìhà òsì sì dún bákan náà. Èyí tí ó bá dún bí okùn tí ó dẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fa ìjọ̀ngbọ̀n. Lẹ́yìn bíi 200 kìlómítà, kí ó padà lọ kí a tún un fà, nítorí gbogbo ohun tuntun ni ó máa ń jókòó. Bí sípóòkù bá sì ń ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó má ṣe máa pààrọ̀ wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ni ó ti rẹ̀, kí a tú ẹsẹ̀ náà ká, kí a fi sípóòkù tuntun hun ún.

A mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ń gba owó. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọ̀rọ̀ táyà kò jìnnà sí èyí. Ní àná, táyà 23 mílímítà ni àwọn eléré ìje fi ń ṣe fáàrí. Lónìí àwọn fúnra wọn ti ń lo 28 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a ti rí i pé táyà tí ó fẹ̀ díẹ̀ kò fa ènìyàn sẹ́yìn bí a ti rò, ó sì ń dín ìgbọ̀n ọ̀nà kù. Ẹni 110 kílò tí yóò gun ojú títì oníhò tiwa kò yẹ kí ó lo ohun tí ó dín sí 32. Kí ó tó sanwó, kí ó wò bóyá àyè wà fún un láàrin férémù àti ẹsẹ̀, nítorí kẹ̀kẹ́ mìíràn wà tí kò lè gba ju 25 tàbí 28 lọ. Kí afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn pọ̀ ju ti iwájú lọ, kí ó má sì kọjá iye tí a tẹ̀ sára táyà tàbí èyí tí ẹni tí ó ṣe rímù fi òpin sí. Bí túùbù bá lu, tí a sì rí ihò méjì kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú eyín ejò, kí a má ṣe bú ẹni tí ó da ìṣó sójú ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ ni kò tó. Rímù ni ó tẹ túùbù mọ́ etí ihò ọ̀nà.

Ìṣirò tí kò yẹ kí a fò

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni ó ń kọ ìwọ̀n tí kẹ̀kẹ́ wọn lè rù sínú ìwé tí ó bá a wá. Ní ti kẹ̀kẹ́ ojú títì, a sábà máa ń rí 120 kílò tàbí ìwọ̀n tí ó sún mọ́ ọn. Ọkùnrin wa yóò ka èyí, yóò wí pé, “Èmi kò ju 110 lọ, ó gbà mí.” Kí ó dúró ná. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹrù ni a sábà ń kà, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ara rẹ̀ 110, kẹ̀kẹ́ 11, aṣọ àti bàtà, omi mímu, irin iṣẹ́ àti àpò ọjà 6: ó di 127. Ó ti kọjá kí ó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí férémù bá là lẹ́yìn náà, oníṣòwò náà lè fi ìwé yìí hàn án, kí ó sì kọ̀ láti gbà á padà. Kí ó béèrè kẹ̀kẹ́ tí òpin rẹ̀ ga ju ìyẹn lọ, kí ó sì rí i nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Ìṣirò yìí kan náà ni ó ń fi hàn pé fífúyẹ́ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ná owó lé. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ó fi owó ńlá kún owó, kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè fi 2 kílò fúyẹ́ sí i. Nínú 127, 2 kò pé 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí òkè, ìyàtọ̀ tí yóò rí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti jẹ́ ọ̀tá ńlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan. Owó kan náà ì bá ra ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí yóò pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ti ohun tí a fi ṣe férémù, a kò ní dá ẹjọ́ pé ọ̀kan ni ó dára tí èkejì kò dára. Irin wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ là, ó sábà máa ń fi àmì hàn kí ó tó kán, jọ́ọ̀rìn-jọ́ọ̀rìn sì lè tún un ṣe. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, kò sì wọ́n jù. Ó dára bí ó bá nípọn tó. Kábọ́ọ̀nù lágbára ju bí ojú ti rí i lọ, a sì ń fi í ṣe kẹ̀kẹ́ tí ó ru ẹni ńlá dáadáa; àléébù rẹ̀ ni pé bí ó bá ti ṣubú tàbí tí ohun kan ti gbá a, ó lè là nínú kí ojú má rí i. Nítorí náà, ẹni tí ń ra tòkunbọ̀, tí kò mọ ìrìn àjò tí kẹ̀kẹ́ náà ti rìn ní òkèèrè, yóò ṣe dáadáa bí ó bá mú férémù irin tàbí alumíníọ̀mù. Kí ó dojú rẹ̀ dé, kí ó nu ìdọ̀tí kúrò, kí ó sì wo gbogbo oríkèé rẹ̀ lójú oòrùn, pàápàá nítòsí pẹ́dà àti lábẹ́ ọrùn. Ibi tí ọ̀dà ti là bí irun orí yẹ kí ó bà á lẹ́rù. Kí ó gbìyànjú láti fa ọ̀pá ìjókòó sókè àti sísàlẹ̀. Èyí tí ó bá ti dì mọ́ inú férémù kò ní ṣe é tún ga mọ́, ìwọ̀n ẹlòmíràn ni yóò sì wà títí láé.

Gígun òkè àti sísọ̀kalẹ̀

Ẹni tí ó bá mọ òkè Èfọ̀n Alààyè tàbí ọ̀nà Ìdànrè mọ̀ pé ilẹ̀ wa kì í ṣe pẹrẹsẹ. Kí ẹni tí ó wúwo béèrè jíà tí ó rọrùn, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí eyín irin iwájú tí ó kéré jù bá jẹ́ 34, tí ti ẹ̀yìn tí ó tóbi jù sì jẹ́ 34, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yóò yí lẹ́ẹ̀kan bí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan. Kẹ̀kẹ́ ìje àtijọ́ tí iwájú rẹ̀ jẹ́ 39, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 25, yóò fẹ́ kí ẹsẹ̀ yí ju ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀ lọ. Orúnkún ni yóò san gbèsè ìyókù.

Ohun tí ó gòkè yóò sì sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin wa àti ẹrù rẹ̀ jẹ́ 127 kílò. Ẹni 65 kílò lórí kẹ̀kẹ́ kílò 9 jẹ́ 74. Bí àwọn méjèèjì bá ń sáré bákan náà lọ sísàlẹ̀, ohun tí búréèkì ọkùnrin wa yóò dá dúró ju ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti ẹnìkejì lọ, gbogbo rẹ̀ ni yóò sì di ooru. Búréèkì tí ń fún rímù mọ́ra máa ń mú rímù gbóná, kì í sì í tètè mú nígbà òjò. Búréèkì oníàwo, tí ó ń di àwo irin róbótó mú ní àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ni ó yẹ ẹni ńlá, kí àwo náà sì tó 160 mílímítà ní fífẹ̀. Bí agbára kò bá ká a, èyí tí ń fún rímù ṣì lè ṣiṣẹ́, bí a bá ń pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ déédéé tí a kò sì dúró kí irin kan irin.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Sípóòkù tí ó ṣẹ́ lójú ọ̀nà ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, tàbí búréèkì tí ó kọ̀ láti mú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, lè gba ẹ̀mí ẹni tí ilé ń dúró dè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kẹ̀kẹ́ tí kò bá ara mu ń gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀díẹ̀: ó ń gba ìlera tí ì bá rí, ó ń gba owó ọkọ̀ tí ì bá fi pamọ́, ó sì ń mú un gbà pé ara tí a fi bí i ni kò dára.

Nítorí náà, ẹ̀yin géńdé tí ẹ ga, àti ẹ̀yin obìnrin gíga pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò yọ yín sílẹ̀, bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìtajà, ẹ mú okùn ìwọ̀n dání, ẹ kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ yín àti ìwúwo yín sínú ìwé, ẹ ka iye sípóòkù kí ẹ tó wo àwọ̀, ẹ sì béèrè láti gun kẹ̀kẹ́ náà yí àdúgbò ká kí ẹ tó sanwó. Oníṣòwò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò bá yín wá èyí tí ó yẹ yín, bí ó tilẹ̀ gba oṣù kan kí ó tó dé. Èyí tí ó bá ń kánjú láti ta ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ fún yín, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ sí ìsọ̀ kejì.